Bọ́ọ̀lù Ń Já Bọ́ Lọ́wọ́ Agbábọ́ọ̀lù Tuntun: Ṣé Ká Ti Gbà Pé Kò Lè Ṣe É?

Ìyá kan tó ń gbé ní Houston béèrè báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Àìkú tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Risífà kan (ẹni tí wọ́n máa ń ju bọ́ọ̀lù sí kó mú un) wà tí ẹgbẹ́ tá a fẹ́ràn mú ní ìpele àkọ́kọ́ dráfùtì ọdún yìí, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọmọ tuntun. Nínú eré mẹ́sàn-án, ìgbà 58 ni wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù sí i, ó mú 34, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n sì ní méje ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi ti bọ́ jẹ́sì rẹ̀ sọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ọwọ́ rẹ̀ ò dáa, kò sì ní dáa láéláé. Ṣé òótọ́ ni? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì máa wúlò?”

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, kì í ṣe bọ́ọ̀lù méje nìkan ló ń dà yín láàmú. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ń ṣe risífà náà máa lọ, tàbí bóyá bó ṣe máa wà títí nìyẹn. Ìbéèrè gidi ni, nítorí àwọn ẹgbẹ́ ńlá pàápàá ti ṣì í dáhùn, tí wọ́n lé ẹni tí kò yẹ kí wọ́n lé, tí wọ́n sì ń dúró de ẹni tí kò ní dé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iye tó já bọ́ kò tó láti fi dájọ́. Irú èyí tó já bọ́ ló ń sọ̀rọ̀, àti bóyá wọ́n ṣì ń wá a láti ju bọ́ọ̀lù sí lẹ́yìn tó já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú òǹkà yẹn wò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn èèyàn á yọ 34 kúrò nínú 58, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù 24 ló fi ṣòfò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú 24 yẹn, 17 ni kò ṣeé mú: òmíràn fò kọjá orí rẹ̀, òmíràn wọlẹ̀ níwájú rẹ̀, òmíràn sì ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ fọwọ́ gbá dànù. Kọ́tábáàkì, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó yẹ kó dáàbò bo kọ́tábáàkì náà ní tiwọn. Èyí tó yẹ ká fi díwọ̀n ọwọ́ ọmọ náà ni bọ́ọ̀lù tó ṣeé mú, ìyẹn 34 tó mú àti méje tó já bọ́, 41 lápapọ̀. Méje nínú 41 jẹ́ bíi 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó pọ̀, mi ò ní tàn yín. Ẹni tí wọ́n bá ń yìn pé ọwọ́ rẹ̀ dáa, agbára káká ni kí ẹyọ kan nínú ogún já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n 41 kò pọ̀. Ká ní risífà kan wà tó jẹ́ pé, bó bá ṣeré títí, ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ló ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù 41, bíi mẹ́rin la ó máa retí. Síbẹ̀, tá a bá kó irú rẹ̀ mẹ́sàn-án jọ, a óò rí bí ọ̀kan tí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ burú ju ti àwọn yòókù lọ. Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú ogún, kò tó ẹnì kan nínú 200 tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí. Ìyẹn ni pé òǹkà yìí lè sọ fún wa pé ọwọ́ ọmọ náà kò tíì sí lára àwọn tó dáa jù. Kò lè sọ fún wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì tún rántí pé NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ṣe, fúnra rẹ̀ kì í ka bọ́ọ̀lù tó já bọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kà á, kálukú ló ní òfin tirẹ̀: ọ̀kan á ní bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀bi risífà ni; òmíràn á dárí jì í tó bá jẹ́ pé ńṣe ló fò sókè kó tó kàn án. Lọ́dún 2015 tí Amari Cooper ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Oakland, iye tí wọ́n ní ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ gan-an láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń kà á sí èkejì. Ọ̀dọ̀ gbogbo wọn ló ti pọ̀, síbẹ̀ yáàdì 1,070 ló fi àwọn bọ́ọ̀lù tó mú kó jọ fún ẹgbẹ́ lọ́dún náà, ìgbà márùn-ún ni wọ́n sì yàn án sí Pro Bowl, ìyẹn àkójọ àwọn tó dáa jù lọ́dún, kó tó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: irú márùn-ún ni bọ́ọ̀lù tó ń já bọ́, ti ojú sì ni àkọ́kọ́. Tí ẹ bá lè tún eré náà wò, ẹ jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì wo ọwọ́ rẹ̀. Àṣíborí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ojú ló ń hán bọ́ọ̀lù kọ́wọ́ tó hán an. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń bọ̀, iwájú àṣíborí gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e títí wọ inú ọwọ́, kó sì tẹ̀ síwájú títí abẹ́ apá tó ti máa há a mọ́ra. Tí àṣíborí bá ti yí sí ọ̀nà ibi tó fẹ́ sá lọ kí ṣóńṣó bọ́ọ̀lù tó wọ àárín ìka, ẹ ti rí ìdí tó fi já bọ́. Ibi tó máa sá gbà ló ń wá, kò sì tíì gba ohun tó máa gbé sá. Irú èyí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ tuntun, pàápàá lórí bọ́ọ̀lù kúkúrú tí kò ju yáàdì márùn-ún sí mẹ́wàá lọ, tí wọ́n ti rí àlàfo níwájú tí ara sì ń wá wọn láti sáré. Òun náà ló rọrùn jù láti wò sàn. Olùkọ́ á kọ nọ́ńbà sára bọ́ọ̀lù, ọmọ náà á pe nọ́ńbà ọ̀hún sókè kó tó há a mọ́ abẹ́ apá, wọn á ṣe é lójoojúmọ́ títí ojú á fi mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí.

Irú kejì wà nínú ọwọ́ fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá dé láti àyà sókè, àtàǹpàkò méjèèjì ló yẹ kó súnmọ́ra, kí àwọn àti ìka ìfábẹ̀lá fi ara wọn ṣe igun mẹ́ta. Èyí tó bá dé nísàlẹ̀ ìbàdí, ọmọńdinrín méjèèjì ló ń pàdé. Àárín ibi méjèèjì, láti ìdodo dé àyà, ni ọwọ́ ti máa ń ṣiyèméjì, ibẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ìka rẹ̀ á fi àyà gbà á. Ike tó wà lábẹ́ jẹ́sì le, bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ tagbáratagbára, á ta padà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á sì rí àyè na ọwọ́ sí i. Etí ni àwọn olùkọ́ míì fi ń mọ̀ ọ́n: bọ́ọ̀lù tí ìka gbà kì í pariwo, èyí tó bá gba àtẹ́lẹwọ́ á dún pàá. Ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ohun tí ọmọ náà ti ń ṣe láti kékeré ni. Los Angeles Chargers mú Quentin Johnston ní ipò 21 lọ́dún 2023, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ láti yunifásítì rẹ̀, TCU, pé ó máa ń fi ara gba bọ́ọ̀lù. Ọdún àkọ́kọ́, 38 ló mú, yáàdì 431, touchdown (bọ́ọ̀lù tó gbé dé òpin pápá àwọn alátakò) méjì. Ọdún kejì, 55, yáàdì 711, touchdown mẹ́jọ. Bọ́ọ̀lù ṣì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kejì yẹn, ẹgbẹ́ sì ń rí nǹkan gidi gbà lára rẹ̀. Ohun méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti orí. Ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ risífà ni kò ní ju ipa ìsáré mélòó kan lọ láti há sórí. Tó bá dé NFL, ipa kan náà lè yí padà lẹ́ẹ̀mejì lójú ẹsẹ̀, ó dá lórí bí àwọn tó ń ṣọ́ ọ ṣe dúró, òun àti kọ́tábáàkì sì gbọ́dọ̀ rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́tábáàkì kì í dúró kí risífà yí orí kó tó ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ti wà lójú ọ̀nà kí ọmọ tó yí. Tó bá wá ń ro ibi tó yẹ kó yà sí, orí á yí pẹ́, bọ́ọ̀lù á ti bá a ní ojú kó tó gbé ọwọ́. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n á ní ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ìwé eré, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ètò ìṣeré ẹgbẹ́ sí, ló wúwo lórí rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Irú èyí máa ń lọ bí ọmọ náà bá ṣe ń mọ ìwé, nítorí náà ló ṣe jẹ́ pé ọdún kejì ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń dúró dè.

Bọ́ọ̀lù pàápàá yàtọ̀. Ti NFL, ìwọ̀n àyíká ìbàdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ínǹṣì 21. Ti yunifásítì lè jẹ́ 20 àti mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ti yunifásítì ní ìlà funfun nítòsí orí méjèèjì tí ojú fi ń mọ bó ṣe ń yí, ti NFL kò ní. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ojú tó ti fi ọdún mẹ́rin wá ìlà yẹn gbọ́dọ̀ kọ́ láti máa wá nǹkan míì. Ní August 2021, Ja'Marr Chase tí Cincinnati mú ní ipò karùn-ún ń já bọ́ọ̀lù sílẹ̀ léraléra nínú àwọn eré ìmúrasílẹ̀. Kò ṣeré rárá lọ́dún 2020, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé bọ́ọ̀lù tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ní ìlà funfun. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Ó parí ọdún náà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 81, yáàdì 1,455 àti touchdown 13, òun náà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dáa jù níhà ìkọlù. Ẹ tún wo ọwọ́ tí kọ́tábáàkì yín ń lò: ti ọlọ́wọ́ òsì ń yí sí ìhà kejì, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ìka tó mọ̀ ọ́n lára.

Méjì tó kù ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀kan ni ti ojú òfurufú, ìyẹn bọ́ọ̀lù gígùn tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ní orí èjìká. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa sáré, ọwọ́ á wà nísàlẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi fẹ́ dé, lẹ́yìn náà ló máa na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò díwọ̀n jíjìn dáadáa á ti na ọwọ́ láti yáàdì márùn-ún sẹ́yìn, eré rẹ̀ á dín, á tún ẹsẹ̀ tò, bọ́ọ̀lù á kan ìka rẹ̀ bọ́. Troy Williamson tí Minnesota mú ní ipò keje lọ́dún 2005 sáré bí ẹfúùfù, ṣùgbọ́n ibí yìí ló ti kọsẹ̀. Lọ́dún 2007 ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìríran ní ilé iṣẹ́ Nike ní Oregon láti kọ́ ojú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò yéé já bọ́, wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Jacksonville lọ́dún 2008. Èkejì ni ìbẹ̀rù ìkọlù. Bọ́ọ̀lù àárín pápá tí ẹni tó máa kọlù ú ń bọ̀ níwájú: ẹ wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Tí kò bá nà, tí bọ́ọ̀lù gba ọrùn ọwọ́ dípò ìka, ara ló ń dáàbò bo ara rẹ̀. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún un, ìkọlù yẹn ń ṣeni léṣe gidi. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi ẹ̀kọ́ lé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan hàn yín tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ̀. Èkó ni wọ́n ti bí Nelson Agholor kí ìdílé rẹ̀ tó kó lọ sí Florida. Philadelphia mú un ní ipò 20 lọ́dún 2015. Ọdún àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù 23, yáàdì 283, touchdown kan. Ọdún kejì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́, débi pé ní November 2016, lẹ́yìn eré Seattle, olùkọ́ wọn Doug Pederson kò lò ó nínú eré tó tẹ̀ lé e kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Lọ́dún 2017 wọ́n gbé e kúrò ní ẹ̀gbẹ́ pápá wá sí àárín, sí ibi tí wọ́n ń pè ní slot, tí àlàfo ti pọ̀ jù tí bọ́ọ̀lù sì ń tètè dé. Ó mú 62, yáàdì 768, touchdown mẹ́jọ, ó sì mú mẹ́sàn-án fún yáàdì 84 nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL, tí wọ́n fi na New England 41 sí 33. Àwọn tó ti ní kí wọ́n lé e lọ wà lójú títì tí wọ́n ń jó. Mi ò ní fi í tàn yín ṣá o, bọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2019, ó kúrò níbẹ̀, ó sì tún dìde lọ́dọ̀ àwọn Raiders ní 2020 pẹ̀lú yáàdì 896. Bí ìwòsàn ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí nìyẹn, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ẹnì kejì ni Jerry Rice, risífà ẹgbẹ́ 49ers ti San Francisco, nítorí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi gbèjà gbogbo ọmọ tuntun. Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ní 1985, àwọn èrò San Francisco sì hó lé e lórí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà ní Mississippi, bíríkì tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jù sókè ló fi ń hán láti kékeré, nítorí náà kì í ṣe ọwọ́ ló ṣàìtó. Ìwé eré 49ers ló díjú fún ọmọ tó ti yunifásítì kékeré wá. Ohun tí àwọn tó ń fi í ṣe àpẹẹrẹ kì í fi kún un ni pé, pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ó mú 49 fún yáàdì 927 lọ́dún yẹn. Kò sí ẹni tó lè ṣọ́ ọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, yáàdì 1,570, touchdown 15. Tí risífà tiyín kò bá rí àlàfo, tí kò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹ má fi Rice tu ara yín nínú.

Ìdí nìyẹn tí 58 fi wù mí ju méje lọ. Ìgbà mẹ́fà ó lé díẹ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá risífà yín rí. Kọ́tábáàkì kì í ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí kò já ara rẹ̀ gbà. Ohun tó sì ṣòro jù láti kọ́ risífà ni bí a ṣe ń já ara ẹni gbà. Risífà míì, Terrell Owens, já bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ yáàdì 15,934 àti touchdown 153 ló fi wọ Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni eré náà, lọ́dún 2018. Mo mọ̀ pé ẹni bíi tirẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹgbẹ́ lè fara da bọ́ọ̀lù kan tó já bọ́ lọ́sẹ̀ méjì méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí àlàfo sílẹ̀, kò lè fara da ọwọ́ dáadáa lára ẹni tí kò sí ẹni tó ń rí i.

Ní ti ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe, ẹ máa gbọ́ nípa ẹ̀rọ tó ń yin bọ́ọ̀lù. Ó dáa: 50 ṣáájú ìdánrawò, 50 lẹ́yìn rẹ̀, láti yáàdì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó kọjú sí i, kó fi ẹ̀gbẹ́ kan sí i, kó fi èkejì, kó kẹ́yìn sí i, kó sì há gbogbo rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá kó tó yí. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ẹ̀rọ ń gbé bọ́ọ̀lù sí nígbà gbogbo. Ìka ló ń kọ́. Kò lè kọ́ ojú tí kò mọ jíjìn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wo ìbẹ̀rù sàn. Fún ìbẹ̀rù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró pẹ̀lú tìmùtìmù kó máa gbá a bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń dé. Wọ́n lè gbé e sí àárín bíi ti Agholor. Wọ́n lè fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, mi ò sì fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n dẹ́kun láti máa ju bọ́ọ̀lù sí i kí wọ́n sì ní àwọn ń dáàbò bò ó.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè rí lórí tẹlifíṣọ̀n. A kò mọ ipa tí wọ́n pè fún un nínú eré kọ̀ọ̀kan, a kò mọ̀ bóyá ìka rẹ̀ kan ti wú láti ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n sì ń fi báńdéèjì dì í lábẹ́ ìbọ̀wọ́. Mi ò tíì rí méje yẹn fúnra mi, torí náà mi ò lè sọ irú èyí tí wọ́n jẹ́.

Eré mẹ́jọ ló kù nínú mẹ́tàdínlógún. Ẹ gba ìwé kan, ẹ̀yin àti ọmọ yín, kí ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: ojú tó tètè kúrò, ọwọ́, orí tó yí pẹ́, bọ́ọ̀lù gígùn, àti ìgbọ̀nwọ́ tí kò nà. Èyí tó bá já bọ́, ẹ fi sábẹ́ tirẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ iye ìgbà tí wọ́n wá a nígbà tó bá di ìgbìyànjú kẹta nínú mẹ́rin tí ẹgbẹ́ ní láti fi sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá, àti nígbà tí wọ́n bá ti wọ yáàdì 20 tó súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń gba touchdown. Tí kọ́tábáàkì bá ṣì ń wò ó láwọn ìgbà yẹn, àwọn tó ń rí i lójoojúmọ́ kò tíì sọ̀rètí nù. Tí wọ́n bá ti ń fo orúkọ rẹ̀ ní ìgbìyànjú kẹta, nígbà yẹn ni àníyàn ọmọ yín máa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní January, màá sì lè sọ ohun tó dájú ju èyí lọ. Ní báyìí, ẹ ní kó fa jẹ́sì yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.